Okùn Tí A Kò Lè Kà Mọ́

Ìtàn ìlú kan ni mo fẹ́ sọ fún yín lálẹ́ òní. Pikillaqta ni à ń pè é. Ó wà ní ilẹ̀ Perú, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lórí àwọn òkè ńlá Andes, nítòsí ìlú Cusco.

Àwọn ará Wari ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 600. Àwọn Inca tí òkìkí wọn kàn kò tíì jọba nígbà náà. Olú ìlú Wari jìnnà sí ibẹ̀, òkè àti àfonífojì ló wà láàárín. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ Pikillaqta, kí àwọn ìjòyè wọn lè máa ti ibẹ̀ ṣe àkóso agbègbè náà. Òkúta àti amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé tó wà níbẹ̀ tó 700. Òpópónà rẹ̀ gún régé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò? Wọn kò ní ìwé. Okùn ni àwọn Wari ń lò. Wọ́n á so okùn wẹ́wẹ́ mọ́ okùn gígùn kan, wọ́n á wé òwú aláràbarà mọ́ wọn, wọ́n á sì ta kókó. Khipu ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àrokò, ó yé yín.

Ní nǹkan bí ọdún 1000, ìlú náà dahoro. Iná jó apá kan rẹ̀.

Díẹ̀ nínú okùn àwọn Wari ṣì wà títí dòní. Ta ni yóò kà wọ́n? Àwọn tó mọ̀ wọ́n kà ti kú tán. Nǹkan bí 500 yàrá kéékèèké wà ní apá kan ìlú náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé àká oúnjẹ ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ nínú wọn, wọ́n bá ibi ìdáná. Àṣé èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí! A kò mọ orúkọ ìjòyè kan ṣoṣo níbẹ̀. Orúkọ Pikillaqta pàápàá, èdè Quechua ni. A kò mọ ohun tí àwọn tó kọ́ ọ ń pè é.

Ẹ ò rí i bí? Okùn kò jẹrà, ẹni tí yóò kà á ni kò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí ó parí sọ́dọ̀ yín. Ẹ kọ orúkọ àwọn bàbá àti ìyá yín sílẹ̀. Kí oníkálukú sì kọ́ ẹnì kan ní ìwé kíkà.

Ó dàárọ̀ o.