Ọmọ Tí Wọ́n Ń Mú Lọ: Ìwé Àṣẹ Rẹ̀ Dà?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: ọ̀rọ̀ ọmọ tí a ń fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń fa ọmọ lé ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ lọ́wọ́, kó lè kàwé, kó lè kọ́ṣẹ́. Àṣà yẹn kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti wọ inú rẹ̀ bí ikán ṣe ń wọ igi. Wọ́n á fi ẹnu dídùn wọ abúlé, wọ́n á fún bàbá lówó díẹ̀, wọ́n á kó ọmọ sọdá sí Nàìjíríà. Ní 2003, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ padà wálé.

Ṣé kò sí òfin ni? Ó wà. Láti 1990 ni Bẹ̀nẹ̀ ti tẹ́wọ́ gba àdéhùn gbogbo ayé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Òfin oṣù kẹrin ọdún 2006 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba níbi tí ọmọ náà ń gbé. Ẹni tó bá ṣòwò ọmọ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 20 jura. Òbí tó bá lọ́wọ́ sí i kò ní lọ láìjìyà. Ní oṣù Kejìlá 2015, Ìwé Òfin Ọmọdé tún jáde.

Àmọ́ èdè Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Mélòó nínú wa ló lè kà á? Òfin tí a kò gbọ́, báwo la ṣe fẹ́ pa á mọ́? Ọlọ́pàá kò sì sí lórí gbogbo ọ̀nà igbó tó já sí ẹnubodè. Baálẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí àwọn mérì wa jẹ́ kí wọ́n ka òfin yìí ní Yorùbá ní ìpàdé abúlé àti lórí rédíò. Èkejì, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ, kí baálẹ̀ bi í pé: ilé ta ni? Iṣẹ́ wo? Ìwé àṣẹ dà? Bí kò bá sí ìwé, ọmọ kò lọ. Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ọmọ ní ìwé ìbí. Ọmọ tí kò ní in, kí la máa fi jẹ́rìí ọjọ́ orí rẹ̀ níwájú adájọ́?

Ẹnì kan á ní ebi ló fà á. Òótọ́ ni, ebi ń pa wá. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fún bàbá kì í pẹ́ tán, ọmọ tó lọ sì lè má padà.

Ojú kan ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká la igba ojú náà sílẹ̀.