Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ọkọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé oṣù ẹgbẹ́ wa ní Ketu)

 

Ọmọ iléèwé ni mí, èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí mi díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Nípàdé tó kọjá, a fẹnu kò pé ká so jẹnẹrétọ̀ onítáyà wa mọ́ ẹ̀yìn Sienna ẹgbẹ́, ká fà á lọ sílé fún Ọjọ́ Ìlú, kí owó tí à bá fi háyà lọ́rì lè ṣẹ́kù. Èmi gan-an nawọ́ sókè. Ẹnì kan ti wo irin tí wọ́n fi ń so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí 3,500 níbẹ̀. Ó ní, "Kílò 3,500! Jẹnẹrétọ̀ wa ò ju 1,350 lọ. Kí la tún ń wò?" Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo délé, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo padà lọ wo irin yẹn. "LBS" ni wọ́n kọ tẹ̀ lé 3,500. Pọ́ùn ni, kì í ṣe kílò! Tọ́kùnbọ̀ Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ wa, pọ́ùn ni wọ́n sì fi ń wọn ẹrù lọ́hùn-ún. Kílò kan tó pọ́ùn 2.2. Nítorí náà, 3,500 yẹn ò ju kílò 1,588 lọ. Iye kan náà ló wà nínú ìwé tó bá Sienna wá pé ó lè fà.

Ẹ ó ní 1,350 ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ dúró ná. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀: ọkọ̀ fúnra ẹ̀, irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀, àti bọ́ọ̀lù irin tí ẹnu jẹnẹrétọ̀ ń jókòó lé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iye tiẹ̀, èyí tó kéré jù ló sì ń pàṣẹ. Ibi tí okùn ti tín-ínrín jù náà ló ti ń já. Mo fi aṣọ nu orí bọ́ọ̀lù wa, pọ́ùn 2,000 ni mo bá níbẹ̀. Kílò 907 nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ wa fi kílò 443 jù ú lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́sàn-án.

Kò tán síbẹ̀. Tí wọ́n bá so irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ẹ̀ máa ń tẹ orí bọ́ọ̀lù. Tiwa á tó kílò 135, bí ìgbà tí àgbàlagbà méjì jókòó sórí bọ́ńpà. Tí èèyàn méje àti àpò ìrẹsì bá tún wà nínú ọkọ̀, ẹ̀yìn á wọlẹ̀, iwájú á fúyẹ́, ọkọ̀ ò ní gbọ́ràn sí dẹ́rẹ́bà lẹ́nu mọ́. Tí ìwúwo bá sì pọ̀ sí ẹ̀yìn ẹrù jù, á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lójú títì bí ọ̀mùtí.

Ṣé Sienna ò lè fà á ni? Ó lè fà á. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà. Á kúrò ní Ketu, á kọjá Ojota, ẹ ó ní ó ti bọ́ sí i. Dídúró ni wàhálà. Tí ẹ bá ń sá eré 80 dípò 40, iṣẹ́ tí búrẹ́kì máa ṣe kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Jẹnẹrétọ̀ wa ò sì ní búrẹ́kì tiẹ̀. Ojú ọ̀nà tí a máa gbà ni bíríìjì Ọ̀tẹ́dọlá wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2018, táńkà epo kan ṣubú níbẹ̀, ó gbiná, ó lé ní 50 ọkọ̀ tó jóná, ẹ̀mí sì ṣòfò. Wọ́n ní búrẹ́kì ló kọ̀. Jẹnẹrétọ̀ wa kì í ṣe táńkà, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù bá ń tì láti ẹ̀yìn nìkan kọ́ ló ń fara gbá a.

Wẹ́dà kan ti ní òun á bá wa jó bọ́ọ̀lù ńlá mọ́ ọn. Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ńlá ò sọ búrẹ́kì Sienna di ti lọ́rì.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé ká yí ìpinnu yẹn padà lónìí, ká háyà lọ́rì. Àwọn lọ́rì tó ń kó iṣu wá sí Mile 12 máa ń padà lófìfo nígbà míì, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn nájà. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti dá ìdajì owó náà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ọkọ̀ tiyín fa ẹrù, ẹ wo iye ara ọkọ̀, ti irin, ti bọ́ọ̀lù. Ẹ wò ó bóyá kílò ni tàbí pọ́ùn. Èyí tó kéré jù ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire o.