Ta Ló Ta Jósẹ́fù? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Ṣojú Orílẹ̀-Èdè Mìíràn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ìdílé, Old Garage, Òṣogbo)

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a pàdánù ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ tí Ó fi jíǹkí wa. Àmín.

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Nígbà tí a bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, tí a rí ọmọ Nàìjíríà tó wọ aṣọ orílẹ̀-èdè mìíràn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ó ti tà wá." N kò sọ̀rọ̀ nípa irú Bukayo Saka o, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n, ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i náà ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Àwọn tí wọ́n bí síhìn-ín, tí wọ́n jẹ ẹ̀bà wa dàgbà, tí wọ́n wá di ọmọ ilẹ̀ mìíràn ni mo ń wí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ méjì wò nínú wọn.

Èkíní ni Hakeem Olajuwon. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1963. Ọmọ Yorùbá ni, símẹ́ńtì sì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Ó ti ń di ọ̀dọ́mọkùnrin kó tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1980 ó lọ sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1984, ẹgbẹ́ Houston Rockets ló mú un, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn ti ọdún náà, àní ṣáájú Michael Jordan. Ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1993. Ó gba ife ẹ̀yẹ fún Houston ní 1994 àti 1995, ó sì wà lára àwọn tó gba góòlù fún Amẹ́ríkà ní Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996.

Mùsùlùmí ni, bí ọ̀pọ̀ ìbátan àti aládùúgbò wa ní Òṣogbo yìí. Àmọ́ ohun kan wà tó ṣe tí àwa tí a ń pe ara wa ní ẹlẹ́gbẹ́ òdodo gbọ́dọ̀ kọ́. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, bàtà tí àwọn gbajúmọ̀ eléré ń polówó ń lé ní 100 dọ́là. Àwọn ọmọ tálákà ń jí i, wọ́n tilẹ̀ ń ṣe ara wọn léṣe nítorí rẹ̀. Olajuwon ní agbára ìyá tálákà kò lè ká irú bàtà bẹ́ẹ̀. Ó fi orúkọ rẹ̀ sí bàtà ilé iṣẹ́ Spalding tí owó rẹ̀ kò tó 40 dọ́là. Ẹ̀yin ará, ó gba ìwé ilẹ̀ mìíràn, kò sì gbàgbé tálákà.

Èkejì ni Francis Obikwelu, tí wọ́n bí ní Onitsha ní 1978. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó bá ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí Lisbon ní Pọ́túgàl ní 1994, fún ìdíje eré sísá àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé. Kò bá wọn padà wálé. Àwọn kílọ́ọ̀bù ńlá tó kọ́kọ́ lọ bá kò gbà á. Ó lọ ń ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní gúúsù ilẹ̀ náà. Níbi tó ti ń kọ́ èdè wọn ni olùkọ́ rẹ̀ ti bá a wá ọ̀nà dé kílọ́ọ̀bù Belenenses.

Síbẹ̀, Nàìjíríà ló ṣì ń sáré fún. Ní 1997 ó wà lára àwọn tó gba fàdákà fún wa nínú eré ọlọ́pàá ẹlẹ́ni-mẹ́rin ní ìdíje àgbáyé ní Athens. Ní 1999 ó gba idẹ fún wa nínú 200 mítà ní Seville. Ní Òlíńpíìkì Sydney ní 2000, ó farapa. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, àwọn aláṣẹ eré wa kò bojú wẹ̀yìn wò ó. Kánádà ló ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún. Ní 2001, ó di ọmọ Pọ́túgàl. Ní Athens ní 2004, ó sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.86, ó sì gba fàdákà. Justin Gatlin ará Amẹ́ríkà tó gba góòlù sá a ní 9.85. Àsíá Pọ́túgàl ni wọ́n fà sókè fún un.

Ẹ rántí Jósẹ́fù. Kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Íjíbítì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tà á, ọmọ ọdún 17 ni. Nígbà tí ìyàn mú, tí ọgbọ́n rẹ̀ ń bọ́ Íjíbítì, èwo nínú wọn ló lẹ́nu láti bi í pé kí ló dé tó ń sin Fáráò? Ọ̀rọ̀ kòtò tí wọ́n jù ú sí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Pásítọ̀, ṣé kò yẹ kí ọmọ ní sùúrù fún ilé?" Ó yẹ. Ìlú ẹni kì í ṣe aṣọ tí à ń bọ́ sọnù. Ṣùgbọ́n sùúrù kì í wo orúnkún sàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ fẹ́ràn ilé, kó ti kọ́kọ́ ṣe ojúṣe òbí.

Ẹ má sì jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru Àbújá. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá. A ó pàtẹ́wọ́ bí wọ́n bá jẹ góòlù. Bí ọ̀kan bá kán lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ tó ń ta ata ló ń dá san owó ilé ìwòsàn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ọmọ tó bá farapa, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ wa tàbí ọmọ mọ́ṣáláṣí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú. Ní gáréèjì bí èyí ni ọmọ ti ń wọ ọkọ̀ lọ Èkó pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, pé máníjà kan ń dúró de òun. Wọ́n á ti ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó tó gbéra. Ẹ gbọ́ o: òfin FIFA kò gbà kí kílọ́ọ̀bù òkè òkun gba ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18, àfi ní ìdí díẹ̀ péré. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 yín lọ Yúróòpù, ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. FIFA ní àkọsílẹ̀ àwọn aṣojú tí wọ́n fún láṣẹ, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ara bá fu yín, ẹ lọ bá NAPTIP, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti àwọn tó ń kó ènìyàn tà. Olajuwon gba ọ̀nà ilé-ìwé lọ, ẹ̀bùn rẹ̀ kò sì ṣòfò.

Nítorí náà, nígbà míìràn tí ẹ bá rí ọmọ wa lábẹ́ àsíá mìíràn, ẹ má ṣépè. Ẹ súre fún un, kí ẹ sì wo èyí tó wà nínú ilé yín bóyá ẹ ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dìde, kí a gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa nílé àti lẹ́yìn odi. Lẹ́yìn àdúrà, kí ẹni tó bá fẹ́ dá owó sínú àpótí ìtọ́jú náà rí akọ̀wé wa. Olúwa yóò bù kún yín. Àmín.