Àmì-Ẹ̀yẹ Àgùnbánirọ̀ àti Iṣẹ́ tí Yóò Pẹ́

Ọ̀rọ̀ wa òní kan àwọn ọmọ wa tí ń sin ilẹ̀ bàbá wọn nínú aṣọ kákí.

Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1973 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi òfin dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ti parí ní 1970. Ìjọba sì fẹ́ kí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yìí mọ ara wọn. Ìdí nìyí tí ọmọ tí a bí ní Ìbàdàn tàbí Oǹdó fi ń bá ara rẹ̀ ní àgọ́ Paiko, nítòsí wa níhìn-ín. Lẹ́yìn àgọ́, a ó yan ibi iṣẹ́ fún un, yóò sì máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí a ń pè ní CDS.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lè dá iṣẹ́ ìlú kan ṣe fúnra rẹ̀. Yóò kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, àwọn aláṣẹ yóò sì fọwọ́ sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn a gbẹ́ kànga, ẹlòmíràn a tún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Lára àwọn tí iṣẹ́ wọn ta yọ ni a ti ń yan àwọn tí Ààrẹ yóò fún ní àmì-ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi iṣẹ́ ìjọba àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé oyè ọ̀mọ̀wé ta irú wọn lọ́rẹ.

A kò dá ọmọ tí ń lépa rẹ̀ lẹ́bi. Alágbàṣe yẹ fún ọ̀yà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni ìsìn náà. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀bùn nìkan yóò ṣe èyí tí ó dára nínú fọ́tò, yóò kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri, yóò pe àwọn ènìyàn pàtàkì wá ṣí i. Bí ẹ̀rọ omi náà bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí ó ti lọ, ta ni yóò tún un ṣe? Àwọn obìnrin yóò gbé garawa wọn padà sí odò.

Ẹ wo àwọn Gbagyi tí a jọ ń gbé. Èjìká ni àwọn obìnrin wọn fi ń ru ẹrù, kì í ṣe orí bíi tiwa. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ṣe ibi ìpọnmi fún wọn láìbéèrè, orí ni yóò fi wọn gíga pèpéle tí a ń gbé garawa lé. Ó ti náwó, ó ti làágùn, síbẹ̀ kò rọ àwọn tí ó ṣe é fún lọ́rùn. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Olúwa wa pàápàá, nígbà tí afọ́jú Bartimeu ké pè é ní Jẹ́ríkò, kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé ìríran ni afọ́jú ń wá? Síbẹ̀ Jésù bèèrè.

Nítorí náà, bí ọmọ yín tí ń sìn níbòmíràn bá ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìlú, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Ta ni ó sọ fún un pé ìlú nílò rẹ̀? Kí ni àwọn ará ìlú fi kún un, ì báà ṣe iyanrìn, ì báà ṣe agbára ọwọ́ wọn? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà nígbà tí ó bá lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti pẹ́ ní Minna, ẹ gbọ́ èdè, ẹ mọ ìlẹ̀kùn tí ó yẹ kí a kàn. Àgùnbánirọ̀ tí ó jókòó tì yín ní Mísà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ mú un lọ kí baálẹ̀, kí ó sì gbọ́ tẹnu àwọn obìnrin tí ń pọnmi.

Bí Àbújá bá pe orúkọ rẹ̀, a ó bá a yọ̀. Bí wọn kò bá pè é, àwọn tí ń mu omi náà kò ní gbàgbé rẹ̀. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.