Ọmọ Ẹlòmíràn Ni Àlàáfíà Ọmọ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Lọ́ńdọ̀nù)

  A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ibi iṣẹ́ òru wá síbí tààrà láìfojú kan oorun. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò àwọn ọmọdé ní kí a bá yín sọ ni ti àlàáfíà àti inú rere láàárín àwọn ọmọ wa. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ìwàásù tún dé, ẹ jẹ́ kí a là á mọ́lẹ̀: iṣẹ́ kan la fẹ́ bẹ̀rẹ̀. A nílò ẹ̀yin, a nílò ọmọ yín, a sì nílò ọmọ aládùúgbò yín pẹ̀lú. Èyí ìkẹyìn yìí gan-an ló gba àlàyé.

Àwa àgbà kò jẹ́ gbàgbé Damilola Taylor. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí ni a kò tíì bí nígbà náà, nítorí náà a ó tún un sọ. Èkó ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1989. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ìyá rẹ̀ kó òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ìwòsàn tí wọ́n ń wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Peckham ni wọ́n dé sí, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ra iṣu àti èlùbọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ọmọ yìí jáde ní ilé ẹ̀kọ́, ó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé Peckham, ilé ìkàwé tuntun tó gba ẹ̀bùn Stirling fún ẹwà ilé lọ́dún kan náà. Ìgbà tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ wálé ni wọ́n fi àfọ́kù ìgò gún un ní itan. Orí àtẹ̀gùn ilé kan ní North Peckham ni ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kó pé ọmọ ọdún 11.

Ọdún 2006 ni ilé ẹjọ́ tó dá àwọn ọmọ ìyá méjì kan lẹ́bi ikú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ibi yẹn, ọmọ ọdún 12 àti 13 ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kí ni à ń sọ fún ọmọ wa láràárọ̀? Lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Máa kàwé. Má bá ọmọ burúkú rìn. Bọ̀ wálé. Ilé ẹ̀kọ́ ni Damilọ́lá lọ, ilé ìkàwé ló yà sí, ọ̀nà ilé ló sì wà. Kí ni ìyá rẹ̀ ìbá tún sọ fún un? Ìmọ̀ràn tó wà lẹ́nu wa dára, ṣùgbọ́n ọmọ tiwa nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ọmọ tó dúró sí kọ̀rọ̀ kò gbọ́ ọ, nítorí kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ni àlàáfíà ọmọ wa wà, bí a fẹ́, bí a kọ̀.

Lẹ́yìn ikú ọmọ yẹn, ẹ̀rù bà wá. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wọn. Àwọn mìíràn kó ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn onígbélé ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a tilẹ̀kùn mọ́ yóò jáde lọ́jọ́ kan. Yóò wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò mọ̀, tí àwọn náà kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ṣe. Lọ́dún 2001, Richard Taylor àti Gloria ìyàwó rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ wọn láti ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tiwọn ti lọ, kò sí ohun tí àjọ náà lè ṣe fún un mọ́. Ọmọ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ìyá náà kú lọ́dún 2008, bàbá náà kú ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń pe ọjọ́ ìbí ọmọ náà ní Ọjọ́ Ìrètí. Ibi ìṣeré àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Peckham tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ yà wò ó.

John Boyega tí gbogbo ayé ń wò nínú fíìmù, ọmọ Yorùbá Peckham ni, ọ̀rẹ́ Damilọ́lá sì ni nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀ sí lọ kọ́ eré ní Theatre Peckham, ilé eré àwọn ọmọdé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1986. A kò sọ pé gbogbo ọmọ ni yóò di òṣèré o (ẹ̀yin ìyá, ẹ má tíì lọ rán aṣọ tí ẹ ó wọ̀ lọ sí Hollywood). Ohun tí à ń sọ ni pé ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, àgbàlagbà tó mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sì wà nídìí rẹ̀.

Àwọn baba wa kì í kó ọmọ jọ kí wọ́n máa sọ fún wọn pé àlàáfíà dára. Àáró ni wọ́n ń yá. Bí ẹgbẹ́ bá ro oko Àkànbí lónìí, oko Àlàó ló kàn. Ó ṣòro kí ènìyàn gbé igi lu ẹni tó bá a kọ ebè. Àwọn ọmọdé náà ń gbé omi àti oúnjẹ tẹ̀lé wọn, ojú wọn ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Bó bá di alẹ́, wọ́n á ṣe ẹkùn mẹ́ran: ewúrẹ́ wà láàárín agbo, ẹkùn wà níta, gbogbo ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ béèrè pé ọmọ ta ni ewúrẹ́ yìí.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nìyẹn. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, láti aago méjì ọ̀sán, àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́jọ sókè yóò máa yá àáró ní márùn-ún márùn-ún. Ó kéré tán, méjì nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ aládùúgbò tí kì í ṣe Yorùbá: ọmọ Jàmáíkà, ọmọ Sòmálíà, ọmọ òyìnbó, ẹni yòówù tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín. Òpópónà ọmọ kan ni wọn yóò ti ṣiṣẹ́ lóṣù yìí, ti ẹlòmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Wọn yóò gbá ewé tó wọ́ jọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn arúgbó. Wọn yóò bá ìyá àgbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ gbé ẹrù ọjà rẹ̀ lọ sókè, wọn yóò jókòó tì í díẹ̀, nítorí àìríni-bá-sọ̀rọ̀ ń dààmú ọ̀pọ̀ arúgbó ìlú yìí. Àwọn méjì tó bá jà, àwọn ni yóò jọ gbé àpò tó wúwo jù. Lẹ́yìn náà, a ó padà sí gbọ̀ngàn fún oúnjẹ, ayò àti àlọ́.

Ẹnìkan béèrè nínú ìgbìmọ̀ pé kí ló dé tí a ó fi owó ẹgbẹ́ bọ́ ọmọ ẹni tí kò dá owó. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ìdáhùn wa ni pé ọmọ náà ni ọmọ wa yóò bá pàdé ní ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró ní aago mẹ́rin, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa níbẹ̀. Moínmoín kan kò wọ́n jù fún kí ó mọ orúkọ ọmọ wa.

Òfin kan wà tí a kò ní yí padà. Kò sí ọmọ tí yóò dá rìn lọ sílé. Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò parí nígbà tí a bá ti gbọ̀ngàn. Ó di ìgbà tí ọmọ tó kẹ́yìn bá wọlé òbí rẹ̀. Nítorí náà, àgbàlagbà méjì ni yóò máa sin ẹgbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí DBS. Ẹ má bínú sí akọ̀wé bó bá ní kí ẹ mú u wá kí òun rí i, bó ti wù kí ẹ pẹ́ tó nínú ẹgbẹ́.

A ń wá awakọ̀ mẹ́rin, àti àwọn tó lè pa àlọ́ láìwo ìwé. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a mọ̀. Ìwé tí àwọn òbí yóò fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Kí olúkúlùkù mú méjì, ọ̀kan fún ilé rẹ̀, ọ̀kan fún ilé kejì.