Kì Í Ṣe Ọ̀tá Ló Ń Mú Ẹ́ńjìnnì Rẹ Gbóná

Ọ̀rọ̀ tòní, ti ẹ̀yin awakọ̀ akẹ́rù ni, àti ti ẹ̀yin ìyàwó awakọ̀, torí owó oúnjẹ yín ló máa ń bá ẹ́ńjìnnì lọ. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bá ń wa típà tàbí lọ́rì, fọwọ́ kàn án. Sọ fún un pé, "Gbọ́ eléyìí dáadáa."

Jẹ́ kí n bi ọ́. O kó pákó ní Ìjan, ò ń lọ Iléṣà. O kọjá Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, o kọjá Pólì, o la Adó já, ọkọ̀ ò yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyìn, Ìgèdè, Aramọkọ, kò sí wàhálà. Àfi bó o ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ni abẹ́rẹ́ géèjì bá ń gòkè, ni ooru bá bo gíláàsì iwájú. O bọ́ sílẹ̀, o káwọ́ lérí, o ní, "Àwọn ayé mi ti tún dé!" Ayé wo? Ta ló tẹ̀ lé ọ dé òkè Ẹ̀fọ̀n? Omi ni! Omi kànga tó o ti ń bù sínú rédíétọ̀ láti ọdún mẹ́ta, tó ò tú u dànù rí. Ẹ bá mi wí i: omi ni!

Gbogbo ooru tí dísẹ́ẹ̀lì ń mú wá bó bá ń jó, bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ń di agbára tó ń yí táyà. Òmíràn ń bá èéfín jáde. Èyí tó kù ńkọ́? Omi ló máa gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ sí rédíétọ̀, kí atẹ́gùn fáànù lè gbà á lọ. Tí ẹrù bá wúwo, tí òkè ga, tí ọkọ̀ ò lè sáré kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, iṣẹ́ omi yẹn di ìlọ́po. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orí òkè ni àṣírí rédíétọ̀ ti máa ń tú.

Ṣó o mọ ohun funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù? Inú òkúta ni omi kànga wa ti ń jáde, ó sì ń kó nǹkan òkúta náà dání. Bó bá gbóná, á fi wọ́n sílẹ̀ lára irin. Èèpo funfun tí kò nípọn tó mílímítà méjì, bó bá lẹ̀ mọ́ irin inú ẹ́ńjìnnì, ńṣe ló dà bíi pé irin náà ti nípọn ní ìlọ́po mẹ́rin. Ooru ò ní ọ̀nà àtijáde mọ́. Fi ìpẹtà kún un, omi á pọ́n bí ọ̀gbàrá, ihò tín-ín-tìn-ìn-tín inú rédíétọ̀ á dí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, orí ẹ́ńjìnnì á tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, pàrà!

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí tẹmósítáàtì, torí ibí yìí ni wọ́n ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Mẹkáníìkì á ní, "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún, ilẹ̀ tiwa gbóná." Má gbà! Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, tẹmósítáàtì tó bá ṣí ló tún ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi lè gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. O yọ ọ́ kúrò, ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣí gbayawu, omi gbígbóná á máa yí po síbẹ̀. Bó bá sì di òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní tètè móoru, dísẹ́ẹ̀lì ò ní jó tán, á máa ṣàn lọ bá epo ẹ́ńjìnnì. Ohun tó o yọ torí gbígbóná náà ló tún ń bá ọ dá gbígbóná sílẹ̀. Bó o bá fura sí i, so ó mọ́ okùn, rì í sínú ìkòkò omi, gbé e kaná. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní nǹkan bí 82°C. Bí omi bá hó tí kò ṣí, ra tuntun.

Ó yá, bá a ṣe ń fọ̀ ọ́. Jẹ́ kó tutù ná! Mo tún un sọ, jẹ́ kó tutù. Ní Adó yìí tó ga bí 400 mítà, omi inú ìkòkò ń hó kó tó pé 100°C. Ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ tí wọ́n kọ 15 sí lára lè dá omi dúró títí dé nǹkan bí 120°C kó tó hó. Bó o bá ṣí i nígbà yẹn, gbogbo ẹ̀ á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, ojú rẹ ló máa bá. Ojú ò ní ìpààrọ̀ ní Ládípọ̀.

Tó bá ti tutù, fi agbada gbe ìdí rédíétọ̀, ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdè kan tún wà lára búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì tí wọn kì í sábà rántí. Tú òun náà, torí ìdọ̀tí tó pọ̀ jù wà níbẹ̀. Má da omi náà sílẹ̀ o. Kúláǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni: ajá á lá a, ewúrẹ́ á mu ún, ọmọdé náà á tọ́ ọ wò.

Dí gbogbo ẹ̀, rọ omi tó mọ́ pẹ̀lú oògùn ìfọ-rédíétọ̀ bí ara agolo ṣe sọ. Kì í ṣe Omo, ó ń hó jù. Kì í ṣe ásíìdì bátìrì, á jẹ irin. Tan ọkọ̀ títí hóòsì òkè á fi gbóná, tó fi hàn pé tẹmósítáàtì ti ṣí. Paná, dúró, tú u dànù. Tún fi omi lásán ṣe é, bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, bó bá di ẹ̀ẹ̀márùn-ún, títí á fi mọ́. Bí ti rédíétọ̀ bá le, tú hóòsì méjèèjì, gba ìsàlẹ̀ rọ omi wọlé, kó gba òkè jáde, ìdọ̀tí á padà síbi tó ti wá. Rọra tẹ̀ ẹ́ o, rédíétọ̀ àtijọ́ ò gba agídí. Kó o tó kúrò níbẹ̀, fọ ẹrẹ̀ àti kòkòrò tó dí ìta rẹ̀.

Nígbà tó o bá máa rọ tuntun, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi tí wọ́n sè di ooru kó tó padà di omi. Bí ìyẹn ò bá sí, omi òjò tó mọ́ sàn ju ti kànga lọ. Ra kúláǹtì ọkọ̀ ńlá, má ra ti ọkọ̀ kékeré. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ńlá, omi ló yí sílíìfù ká. Bí sílíìfù ṣe ń gbọ̀n, ìfófòó kéékèèké ń bẹ́ lára rẹ̀, wọ́n ń hó o jẹ díẹ̀díẹ̀ títí á fi lu. Kúláǹtì ọkọ̀ ńlá ní ohun tó ń bo irin náà.

Rọra rọ ọ́, kí atẹ́gùn lè jáde. Tan ọkọ̀ láìde ìdérí, bó bá ń wálẹ̀, máa fi kún un, lẹ́yìn náà kó o dé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó ṣì tutù, ṣí i wò. Bó bá dín, fi kún un, kó o wo ibi tó ti ń jò. Ṣùgbọ́n bó o bá rí epo lórí omi, tàbí tí epo ẹ́ńjìnnì rẹ funfun bí ògì, má fọ nǹkan kan mọ́, má sì tan ọkọ̀ náà. Pe ẹni tó mọ orí ẹ́ńjìnnì ṣí kó wá bá ọ níbi tó o wà.