Ìtàn Àròsọ Kì í Ṣe Fún Ìdánwò Nìkan

Ẹ̀yin ará nínú ẹgbẹ́ wa ní Ìlárá-Mọ̀kín, ìtàn àròsọ ni a kà ní ọdún tí ó kọjá, fún ìgbádùn lásán. Ìwé D. O. Fágúnwà, olùkọ́ bí tiwa, ọmọ Òkè-Igbó, ni a fi bẹ̀rẹ̀: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní 1938. Ìrìn àjò Àkàrà-Oògùn pa wá lẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ fi sáré wá bèèrè ohun tí a ń kà. Ìwé tí a bá kà nítorí ìdánwò nìkan, ọjọ́ ìdánwò ni í kú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ẹ máa kà á sókè létí àwọn ọmọ, kí èdè wa má baà di ẹrù lórí wọn.